Ọ̀mọ̀wé Tó Di Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́

                                                            Ilé Kẹrin,
                                                            Ọgbà Àwọn Olùkọ́,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                                            Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Akọ̀wé, ọ̀rẹ́ tó ti di ẹbí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún nígbà tí o kọ lẹ́tà tó kọjá ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí kékeré tó ní òun ò ní jẹun àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ pa ìtàn fún òun? Mo kí gbogbo wọn. Ara tiwa náà le níbí, a dúpẹ́. Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ń sanra, torí nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ó ní bọ́tìnnì àárín ẹ̀wù rẹ ń tọrọ àánú. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde o, kì í ṣe ẹnu mi.

O bi mí pé kí ni mo fi ìsinmi gígùn ọdún yìí ṣe. Ọ̀rẹ́ mi, fìdí mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ni mo lọ kọ́. Má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi ọ̀mọ̀wé, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń pe ọkùnrin tí kò parí ìwé mẹ́wàá ní ọ̀gá. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

O mọ yàrá ẹ̀rọ wa. Nígbà tí ìwọ náà ṣì ń kọ́ni níbí, léètì méjì péré ló wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó máa ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ẹ. Ọ̀kan ti kú kí o tó lọ. Kò pé ọdún kan tí èkejì fi tẹ̀ lé e, bíi tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn. A kọ̀wé, a tún kọ̀wé. Wọ́n ní tuntun ń bọ̀. Tuntun ọ̀hún ṣì wà lójú ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya léètì sójú pátákó. Mo mọ̀ ọ́n yà débi pé mo lè dijú yà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, wọ́n á yege, a ó sì fún wọn níwèé ẹ̀rí. Ìlúwẹ̀ẹ́ là ń kọ́ èèyàn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń pariwo pé àwọn ò rí ẹni tó mọṣẹ́, àwọn ọmọ wa ń pariwo pé àwọn ò ríṣẹ́, ariwo méjèèjì sì ń kọjá lára ara wọn láìkí ara wọn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, Ìyá Ìṣirò làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Òun nìkan ló gba ìpele kìíní nínú àwọn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó wáṣẹ́ títí, kó tó wá di pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ afamidókè gbà á. Gbogbo wa la bá a yọ̀. Ó di ọjọ́ kẹjọ, mo wà ní ọ́fíìsì, mo ń máàkì, ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn. Òun ni. Mo rò pé ọpẹ́ ló wá dá. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jókòó, ó wá ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan o?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, sà."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà. Torí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ní kí n máa lọ."

Ó wá rò ó fún mi. Alábòójútó ibẹ̀ gbé ọ̀pá irin kan fún un, ó fún un ní àwòrán ohun tí yóò fi í gbẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì pagbo, torí wọ́n ti gbọ́ pé ìpele kìíní ń bọ̀. Ó dúró síwájú léètì. Kò jọ èyí tí mo yà sójú pátákó. Ó ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń tàn án, ni ẹnìkan bá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alábòójútó náà kò bú u. Ó ní ó hàn pé ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n pé ilé-iṣẹ́ òun kì í ṣe ilé-ìwé. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, ọmọ yìí gbójú sókè, kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti máa ń tàn án ni àbí ọwọ́ òsì?"

Akọ̀wé, mi ò mọ̀. Mo ní, "Ó sinmi lórí irú èyí tó bá jẹ́." Ọmọ yìí gbà mí gbọ́ débi pé ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò lè máàkì mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi. Ó ń ká aṣọ, kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin alára mọ̀ ọ́n lò?" Mo ní mo ti lò ó rí nígbà tí mo wà nílé-ìwé. Ó ní, "Ọdún wo nìyẹn?" Ó ká aṣọ méjì sí i, ó wá ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ lọ béèrè." Òun ló júwe Kò-yẹ̀ fún mi, ọkùnrin tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ́ irin ẹ̀rọ ìlọta nígbà tó kán.

Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Kò-yẹ̀ wà, ilé páànù gbọọrọ, léètì mẹ́ta nínú rẹ̀ tí gbogbo wọn jù mí lọ lọ́jọ́ orí, òróró ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di dúdú. Ọkùnrin náà á tó ọgọ́ta ọdún, kò ga, okùn ló fi so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ etí. Wọ́n ń pè é ní Kò-yẹ̀ nítorí pé ohun tó bá wọ̀n kì í fi bí irun orí yẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a gba ìsinmi ni mo lọ bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí. "Iṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́."

"Ọmọ yín dà?"

"Èmi gan-an ni."

Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Kí niṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀?"

"Olùkọ́ yunifásítì ni mí."

"Kí lẹ ń kọ́ wọn?"

Ibẹ̀ ló ti le, ọ̀rẹ́ mi. Mo nawọ́ sí léètì tó wà níwájú rẹ̀. Mo ní, "Èyí náà ni."

Mo ti ń retí ẹ̀rín. Kò rín. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbálẹ̀. Èérún irin tó máa ń wé bí irun náà ya ìka mi lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yòókù ò mọ ohun tí wọn ì bá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n" nìkan kéré, "Ọ̀mọ̀wé" ò sì bá ìgbálẹ̀ mu. Wọ́n bá pa á pọ̀, wọ́n ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Dókítà. Lọ́sẹ̀ kejì ni ọ̀gá tó gbé irin fún mi. Mo ṣẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ó ní, "Ẹ má kàn máa wò ó. Ẹ máa gbọ́ ọ. Irin máa ń sọ̀rọ̀. Tó bá ń súfèé, ẹ ń kánjú nìyẹn. Tó bá ń ké, ọ̀bẹ yín ti kú." Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo ti lè gbẹ́ irin kí ó gún régé, mo ránṣẹ́ pe Ìyá Ìṣirò. Ó fa apá aṣọ sókè, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti ń ṣe ohun tí èmi ṣì ń bá jìjàkadì. Ojú tì mí díẹ̀, inú mi dùn púpọ̀.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ eléyìí dáadáa. Kò-yẹ̀ ní ìwé kékeré kan tó ti gbó, níbi tó ń kọ nọ́ńbà sí láti ọgbọ̀n ọdún. Tí wọ́n bá fẹ́ kó gbẹ́ irin tí ẹnu rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ, ó ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ yí ẹ̀rọ náà sí kó tó lè bọ́ sí i. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó kàn ń dán an wò ni, á ba irin mẹ́ta mẹ́rin jẹ́, tó bá bọ́ sí i, á kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ kan dé tí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Ó ti mú irin tó fẹ́ bà jẹ́ lọ́wọ́, ni Ìyá Ìṣirò bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, báwo ló ṣe gùn sí?" Ó bi í bí ìdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya igun mẹ́ta sílẹ̀, ó ṣírò, ó dárúkọ nọ́ńbà kan. Kò-yẹ̀ wò ó bí ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ. Ó yí i síbẹ̀ ṣá. Ó gbẹ́ ẹ. Nígbà tó fi í sínú irin kejì tó yẹ kó wọ̀, ó wọlé wọ̀ọ̀, kò mì.

Kò-yẹ̀ lọ mú ìwé rẹ̀ wá, ó jókòó lórí àpótí, ó ní, "Ọmọ mi, wá bá mi wo ìwọ̀nyí." Ọmọ náà ṣírò gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn bára mu, àfi ẹyọ kan. Bó ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, Kò-yẹ̀ fò dìde. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ìyẹn ò dáa! Ó máa ń mì díẹ̀!" Inú rẹ̀ dùn sí àṣìṣe yẹn ju gbogbo èyí tó gbà lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ta ni àgbà nínú wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí a wọlé padà, mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sípàdé ẹ̀ka wa: pé kí á máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kò-yẹ̀ ní mẹ́fà mẹ́fà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí á sì kà á mọ́ olùkọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa dìde. Ó ní, "Ìwé ẹ̀rí wo ló ní?"

Mo ní kò ní.

"Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí ló fẹ́ wá kọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á?"

Ariwo sọ. Mo wá sọ ohun tí mi ò múra láti sọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo àwa tá a wà níbí, ta ló lè dìde kó lọ tan léètì?" Olórí ẹ̀ka wa, ìyá tí kì í ṣeré yẹn, dé ìdérí bírò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n o." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbà wá. Wọ́n ní kí á fi sáà kan dán an wò, kí á máa pè é ní olùkọ́ àlejò. Àwọn ọ̀gá lókè ò tíì fọwọ́ sí i o, àwọn léètì wa méjèèjì ò sì tíì jí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kò-yẹ̀ ti wá wò wọ́n, ó ní tí a bá tú ọ̀kan palẹ̀ fún ẹ̀yà ara, èkejì lè dìde.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá mi wọ kóòtù. Nínú ooru yẹn! Ó kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sínú ìwé. Ó dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, ó la ẹnu, ohùn ò jáde. Mo ti fẹ́ gbà á sílẹ̀, ni ó bá bọ́ kóòtù, ó gbé e lé mi lápá, ó yíjú sí ẹ̀rọ, ó tàn án. Bí ẹ̀rọ ṣe dún, ohùn rẹ̀ dé. Wákàtí mẹ́ta ló fi sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó wo aago.

Ìyá Ìṣirò ńkọ́? Fúnra rẹ̀ ló padà lọ sílé-iṣẹ́ tó lé e, ó ní kí wọ́n tún dán òun wò. Alábòójútó ọjọ́sí náà ló bá níbẹ̀. Ó gbé irin fún un, ó sì ka ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró tì í títí tó fi ṣe é tán. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ mú ohun ìwọ̀n mìíràn wá, ó tún wọ̀n ọ́n. Ohun tó sọ kò ju, "Ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀."

Bá mi kí ìyàwó rẹ gidigidi, kí o sì bá mi kí ìyá rẹ nígbà tí o bá bá wọn sọ̀rọ̀. Sọ fún wọn pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò tíì sanra síbẹ̀. Kọ̀wé sí mi, má ṣe jẹ́ kó pẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni Ìyá Ìṣirò wá sí ọ́fíìsì mi. Kò jókòó, ó ní òun fẹ́ tètè lọ sọ fún àwọn tó kù nílé. Ó kàn gbé irin tó gbẹ́ níbi ìdánwò náà sórí tábìlì mi, ó ní èmi ni òun mú un wá fún. Ó kéré, ó wúwo, ó ń dán. Òun ni mo gbé lé etí ìwé yìí bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí fáànù má bàa gbé ọ̀rọ̀ mi lọ.

                                                            Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
                                                            Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.