Àwa Ará Ìlú

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lọ́kàn mi. Bá a ṣe ń bọ̀ lórí títì márosẹ̀ freeway nírọ̀lẹ́ yìí, Fadékẹ́ ọmọ mi ń bi mí ní ìbéèrè ìdánwò tí màá fi di ọmọ Amẹ́ríkà. Ó ní, "Mummy, ọ̀rọ̀ mẹ́ta wo ló bẹ̀rẹ̀ Constitution?"

Mo ti há a sórí. "We the People."

"Kí ni ìyẹn ní Yorùbá?"

"Àwa ará ìlú."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ni! Ìwé òfin tó ga tó báyẹn, wọn ò fi ààrẹ bẹ̀rẹ̀, wọn ò fi ọ̀gágun bẹ̀rẹ̀. Ará ìlú ni, irú èmi tí mò ń tọ́jú arúgbó ní ìlú Sugar Land níbí.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni ọkọ̀ ti já sí kòtò, gbàù! Mo pariwo, "Kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí ò tún títì wọn ṣe?"

Fadékẹ́ ní, "Àwọn wo, Mummy?"

Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà, "wọ́n" ni mo ń pè wọ́n.

Ní báyìí tí mo dá wà ní kíṣìnì, mo rọra dán an wò: "Kí ló dé tá ò tún títì wa ṣe?"

Títì wa. Orí mi wú.