Omi Tó Kọlu Irin

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Iná tún lọ lójijì. Ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ìlú dákẹ́, omi tó ń sáré gòkè yí padà, ó gbá fáàfù tó ń ṣí paipu tó sì ń tì í bí òòlù—gbàà! Ilé ẹ̀rọ mì tìtì. Àgbá afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba agbára omi yẹn mọ́ra ti ń jò. Mo sọ fún Ọ̀gá. (Ọkọ mi ni, àmọ́ níbi iṣẹ́, Ọ̀gá ni.) Ó ní, "Paipu náà ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù?" Gbogbo òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ọ̀gá gbà níkẹyìn. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ wẹ́dà ni yóò fi iná jó ibi tó ń jò lára àgbá náà lọ́la. Jẹ́jẹ́ ni mo ń pè é—nǹkan kan kì í kán an lójú. Màmá wa ní, "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ o."

Ẹtì, 8
Mi ò lè kọ ọ́ lónìí.

Àbámẹ́ta, 9
Kí n gbìyànjú. Lánàá, a ti pa ẹ̀rọ. Jẹ́jẹ́ jó àgbá tán, ó ṣì wà nínú kòtò tí wọ́n ri àgbá náà sí, kò tíì de àwọn bóòtì rẹ̀ tán. Ìlú ń pe Ọ̀gá ṣáá: omi dà? Ó ní kí n tan ẹ̀rọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó jáde ná. Afẹ́fẹ́ ló kún paipu, ẹ jẹ́ ká rọra ṣí fáàfù." Ó ní gbogbo ìlú ni òùngbẹ ń gbẹ. Ó ti ọwọ́ mi kúrò, ó tẹ bọ́tìnnì. Fáàfù ṣí sílẹ̀ gbagada.
Ìró kan péré: àgbá bẹ́. Omi ru jáde nínú kòtò. Fìlà Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ léfòó.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Jẹ́jẹ́ tí irin àgbá ti fọ́. Ó lajú, ó ní, "Bàtà ẹyọ kan ni n ó máa rà báyìí." Mo rẹ́rìn-ín, mo sá jáde lọ sunkún.

Ọjọ́rú, 13
Ara ẹ̀ ń gbóná janjan. Ọgbẹ́ ti ń rùn.
Ọkọ mi ní àwọn olùwádìí ń bọ̀. "Iná ló dédé dé, ẹ̀rọ tan fúnra ẹ̀. Ṣé o gbọ́? Èèyàn kì í tú àṣírí ilé ẹ̀ síta."

Ọjọ́bọ̀, 14
Jẹ́jẹ́ kú láàárọ̀. Màmá ò sunkún. Ó kàn ń fi ọwọ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti gbé e kúrò lórí ẹ̀.

Ẹtì, 15
Àwọn olùwádìí bi mí: ta ló tan ẹ̀rọ? Ọ̀gá jókòó níwájú mi, ó ń wo bàtà ẹ̀.
Mo ní, "Ọkọ mi ni."
Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Mo tún un sọ sókè.
Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti kó àwọn ọmọ wa lọ.