Ẹsẹ̀ Ni Mo Fi Dá A Mọ̀

                                        Ojúlé Kẹta,
                                        Òpópó Àwọn Aláwọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Àdúrà.
                                        Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ojúgbà mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú àìgbúròó mi. Báwo ni ara? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé kò tún tíì fi òòlù lu ọwọ́ ara rẹ̀ nídìí ọkọ̀ ojú omi tó ń kàn? Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ tí orúnkún ń dùn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lè dìde láìdi ògiri mú? Bí ìwọ náà bá fẹ́ béèrè ara mi, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí, kí o sì gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kalẹ̀. Mo mọ̀ ẹ́, wàá jù ú.

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí bí ìṣe rẹ̀. Mò ń sọ, ó ń kọ. Ó ní mò ń yára jù, mo ní bí ọwọ́ bá ń ro ó, kó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀: orí ìdúró ni mo wà bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo dúró, ọ̀rẹ́ mi. Mo dúró ṣánṣán, mo fẹ̀yìn ti ògiri, gbogbo ẹ̀yìn mi pátá ló sì kan ògiri náà, láti ìbàdí títí dé èjìká. Ọdún méjìdínlógún rèé tí àwọn méjèèjì ti ríra kẹ́yìn.

O mọ bí mo ṣe wà kí àìsàn yẹn tó dé. Ìwọ lo sọ mí ní Agùntáṣọọ́lò nígbà tí a wà lọ́mọge. Bó o bá fẹ́ ká èso orí igi, èmi lo máa ń pè dípò àkàbà. Ìgbà tí ọmọ mi pé ọmọ ọdún méjì ni ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí orí mi fi dojú kọ ilẹ̀ tí kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Orúkọ náà yí padà. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Afojúwolẹ̀, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí n kò bá dáhùn, oníbàárà á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ bàtà rírán tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú ló gbà mí, torí pé iṣẹ́ náà kò béèrè pé kí n wòkè. Ẹsẹ̀ ni mo fi mọ gbogbo àdúgbò. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mo fi gìgísẹ̀ tó sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ mọ alápatà. Olórí ilé àdúrà wa, bàtà òsì rẹ̀ ló ń ké kín-ín-kín-ín kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Ní ti ọmọ mi, bó bá ní ọ̀rọ̀ pàtàkì bá mi sọ, ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí kí n lè rí ojú rẹ̀. Ó ti wà nílé ọkọ báyìí, lẹ́yìnkùlé wa níbí náà ni, ó sì lóyún. Láti bí oṣù mẹ́ta tí oyún náà ti wúwo, ìjókòó ilẹ̀ ti di ogun fún un, síbẹ̀ kò yé jókòó.

Ìwọ náà jókòó bẹ́ẹ̀ nígbà tó o wá kí mi lọ́dún méje sẹ́yìn. Nígbà tó o dìde láti lọ, o rò pé n kò mọ̀ pé ò ń sunkún. Omijé rẹ ń kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú mi wà. Mo bi ọ́ pé kí ló dé, o ní òógùn ni. Òógùn, nígbà tí òtútù ń mú! Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ́ yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi láti ọjọ́ náà, ó sì ti ràn mí lọ́wọ́ ju bó o ti mọ̀ lọ.

Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Mo wà ní àyè mi lẹ́bàá òpó, lẹ́yìn, níbi tí àwa obìnrin máa ń wà nínú ilé àdúrà. Àlejò kan ló ń kọ́ wa, ọkùnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tí wọ́n ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó máa rìn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Mò ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, mo tún ń ronú nípa awọ kan tí mo gbàgbé sínú omi nílé. Àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì, tó ní kí ìyá tó wà lẹ́bàá òpó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo wo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin tó yí mi ká, bóyá ẹlòmíràn ló ń pè. Gbogbo ẹsẹ̀ ló yà fún mi.

Mo rìn dé iwájú rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò, eruku dé ọrùn ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ẹni kì í jẹ́ kéèyàn sinmi o, torí ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé okùn bàtà ọ̀tún rẹ̀ ti já, ó sì fi èèpo igi so ó ní ìdè méjì. Mo ní lọ́kàn mi pé ta ló so ìsokúso yìí? Ibi tí mo ti ń dá gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ awọ ni mo wà tó fi sọ pé a ti tú mi sílẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn mi, tó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi.

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ọ. Kò dùn mí rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ ẹrù tó ti rù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kalẹ̀. Mo kàn ń gòkè ni. Mo rí orúnkún, mo rí ìgbànú, mo rí àyà àwọn èèyàn, kí n tó mọ̀, àjà ni mò ń wò. Ọ̀rẹ́ mi, àjà ilé àdúrà wa kún fún òwú aláǹtakùn! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wo ilẹ̀ tí mo sì ń yìn wọ́n pé ilé yìí mọ́, wọn kò gbá òkè lẹ́ẹ̀kan. Omi bo ojú mi, mo kígbe, mò ń yin Ọlọ́run, n kò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Àwọn obìnrin rọ́ wá dì mọ́ mi.

Àárín ariwo yẹn ni olórí ilé àdúrà fi ìbínú dìde. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà wà nílẹ̀ fún iṣẹ́, kí ẹni tó bá ń wá ìwòsàn wá nínú wọn, kó fi ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀. Èmi ló ń bá wí, èmi tí n kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Má bínú sí i jù ṣá, òun náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi àyè ẹ̀bá òpó yẹn sílẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí. Àlejò náà bi í bóyá wọn kì í tú màlúù wọn lórí ìso lọ mu omi lọ́jọ́ ìsinmi. Obìnrin tó ti wà lórí ìso láti ọdún méjìdínlógún wá ńkọ́? Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ bú, wọ́n sì tì mí jáde sí gbangba pẹ̀lú orin. Nígbà tí mo fi máa nu ojú mi tán, àlejò ti bá ẹni tó gbà á sílé lọ.

Mo délé tán ni mo tó rántí pé n kò dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò sọ “ẹ ṣé” kan ṣoṣo fún ẹni tó gbé ọwọ́ lé mi. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé n kò rí ojú rẹ̀. Àjà ni mo wò! Ọmọ mi kò sì sí níbẹ̀ kó lè júwe rẹ̀ fún mi, oyún ti dá a dúró sílé. Àwọn tó wá bá wa yọ̀ sọ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àlejò náà àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń lọ sí olú-ìlú, wọn kò sì ní gba ọ̀dọ̀ wa padà. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣé ọjọ́ tí ẹ̀yìn mi nà ni n ó wá di olè?

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, mo gbé àpò iṣẹ́ mi kọ́ èjìká, mo jáde, mo sì forí sọ àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn wa. Gbàù! N kò tíì rántí pé mo ga. Ọmọ mi fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ kókó tó yọ níwájú orí mi, mo ní kó fi í sílẹ̀, mo fẹ́ràn kókó náà. Mo sáré lọ. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo sáré.

Àwọn ọkùnrin tí mo bá ní ẹnubodè á tó ogún, gbogbo wọn ń múra ìrìn-àjò. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé iṣẹ́ ti dé. Irùngbọ̀n, irùngbọ̀n, irùngbọ̀n! Ẹni tí kò wo ojú ọkùnrin láti ọjọ́ yìí, báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ojú sì ń tì mí láti béèrè. Ṣé kí n wá máa bi wọ́n pé, ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín ló wò mí sàn lánàá? Mo bá yan ọ̀kan tó ga, tí ojú rẹ̀ fani mọ́ra, mo ní ojú ẹni Ọlọ́run nìyí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo bú sẹ́kún, mo dúpẹ́ títí, mo súre fún un, mo súre fún ìyá tó bí i. Ó ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ìgbà tí mo dánu dúró kí n mí ló tó ní, “Ìyá, ẹ ṣé gan-an o, àdúrà yín á gbà. Ṣùgbọ́n èmi alápatà ni. Bàtà mi ṣì wà lọ́wọ́ yín.”

Alápatà! Ọkùnrin tí mo ti ń bá rán bàtà láti ọdún méje, tí mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé kò lè lẹ́wà nítorí gìgísẹ̀ yẹn! Ó ń lọ ra màlúù ni tirẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí, torí àwọn kan ti gbé ẹrù wọn, àwọn tó wà níwájú sì ti ń rìn lọ. Nígbà náà ni mo rántí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo tẹ ẹ̀yìn mi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí orí mi fi padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àyà mi ń lù kì-kì-kì. Bí kò bá wá ṣeé nà mọ́ ńkọ́? Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tó wà nínú mi ju ẹ̀rù lọ. Mò ń wo ẹsẹ̀ bí mo ti ń lọ láàárín wọn. Mo rí ẹsẹ̀ apẹja tó tóbi bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀, mo rí gìgísẹ̀ alápatà, mo rí bàtà tuntun kan tí ẹni tó rán an kò fẹ́ràn ẹni tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí bàtà ọ̀tún kan, èèpo igi, ìdè méjì. Mo kúnlẹ̀, mo sì di ọrùn ẹsẹ̀ náà mú.

Ohùn tútù yẹn bi mí láti òkè pé, “Ìyá, ṣé ẹ tún ti padà sísàlẹ̀ ni?”

Mo ní, “Rárá o, Olùkọ́. Tẹ́lẹ̀, àìsàn ló tẹ̀ mí. Lónìí, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó lórí òkúta tó wà níbẹ̀, ó jókòó. Mo tú ìsokúso yẹn dànù, mo ní kó jọ̀ọ́ kó gbájú mọ́ igi, kó fi awọ sílẹ̀ fún wa. Mo fi okùn tuntun rán an, ìránpò méjì-méjì, irú èyí tí mo máa ń rán fún ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tó kán mi lójú. Nígbà tí mo parí, mo wọ̀ ọ́ fún un, mo sì ń wo ilẹ̀ níbẹ̀ bó ti mọ́ mi lára. Kò gbé ẹsẹ̀. Ó ń dúró dè mí, títí mo fi rántí pé mo lè gbé orí sókè. Mo gbé e. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Má bi mí bó ṣe rí, n kò tíì mọ ojú júwe. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún rí i láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn, n kò ní lọ dì mọ́ alápatà.

Nílé báyìí, gbogbo ìkọ́ tó wà lára ògiri ló wà ní ìwọ̀n orúnkún, torí èmi ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ ọmọ mi ti ń gbé wọn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún wá rí i pé mo ga ju ọmọ mi lọ. Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń wò ó, mo sì ti rò pé fíofío ni. Inú rẹ̀ kò dùn sí i bó ti ń kọ ọ́ síbí. Lánàá, ìyàwó olórí ilé àdúrà gbé bàtà òsì tó ń ké yẹn wá. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí, mo gbà pé ó fẹ́ kí a máa gbọ́ pé òun ń bọ̀. Kò rán ọ̀rọ̀ sí mi, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ rọra fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi kó tó lọ. Mo ti mú igbe náà kúrò.

Oṣù yìí ni ìkúnlẹ̀ ọmọ mi, nítorí náà, wá. N kò lè pọn ọmọ tèmi tẹ́rùn rí. Èyí tó ń bọ̀ yìí, n ó gbé e sókè débi tí ọwọ́ mi bá gùn dé. Bá mi kí baálé rẹ, kí o bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra, kí o sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé kí wọ́n má tíì sọ ìrètí nù lórí orúnkún yẹn. Bó o bá dé, má jókòó sílẹ̀ o. Dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ wo ojú rẹ lórí ìdúró, kí n mọ̀ bóyá òógùn ṣì ń jáde níbẹ̀.

Ọmọ mi ń bi mí pé orúkọ wo ni kí òun fi sísàlẹ̀. Mo ti gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ lo sọ mí lórúkọ náà, ìwọ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ pé mo ti padà sídìí rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ, lórí ìdúró,

Agùntáṣọọ́lò