Màmá Ti Ka Ojú Ìwé Kejìlá

Àbúrò mi, tí o bá jí, má gbé ife tíì rẹ sórí àwọn àwòrán yìí, íńkì wọn ò tíì gbẹ. Olóòtú máa wá gba ojú ìwé kejìlá ìwé ìtàn aláwòrán wa ní aago méjì, ìtàn rẹ sì ti yí padà.

Láàárọ̀ yìí, Màmá ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń kun àwòrán akọni wa tó ń bẹ́ orí ọbabìnrin àwọn iwin. Wọ́n wo imú ọbabìnrin náà, wọ́n wo àmì dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn.

"Ta nìyí?"

"Iwin ni, Mà."

"Iwin wo ló jọ mí tó báyìí?"

Mo ní ìwọ lo kọ ìtàn, èmi kàn yà á ni. Má bínú, ẹ̀rù ló bà mí.

Mo rò pé wọ́n máa fa ìwé náà ya ni. Àfi bí wọ́n ṣe fa àga, tí wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi tí ọbabìnrin ti ń jẹ àwọn ọmọ ogun. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ojú rẹ ni mo yà fún akọni ni wọ́n yarí.

"Ẹni tí kì í fọ abọ́ tó fi jẹun ló máa wá pa mí?"

Mo ti tún un yà: orí tìrẹ ló ń yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn báyìí, ó sì jọ ọ́ dáadáa. Ohun tí ọbabìnrin máa sọ tó bá pa ọ́ tán ló kù. Má wulẹ̀ ronú, lọ bá Màmá ní yàrá wọn, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu àwọn.