Ọta Tí Kò Tó Túùkú Pa

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́.

Mo sọ fún Bọ̀dá Àlàbí, ẹ̀gbọ́n mi, pé katiriji ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tó wà nínú ìbọn wọn, ti ẹtu ni. Ọta ńlá ló ń pa túùkú. Wọ́n ní, "Bó bá ti sún mọ́ wa, ó ti tán nìyẹn."

Wọ́n yìnbọn. Túùkú náà ṣubú, ó dìde, ó fi eyín ya wọ́n nítan. Kí n tó gbé ìbọn tèmi sókè, ó ti wọgbó.

Dókítà ní ẹsẹ̀ wọn á san. Ohun tí Bọ̀dá kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé ó kú?"

Ipa ẹ̀jẹ̀ túùkú náà já sí ọ̀nà odò tí àwọn obìnrin oko ti ń pọnmi. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn. Bísí, àbúrò wa, nìkan ni mi ò bá nílé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní oko ló máa sùn lónìí. Àwọn ọdẹ ti gun ọ̀kadà lọ wá a lóko.

Mò ń pè é. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.