Àwòrán Rẹ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Ta Bàtà

                                        Ilé Kẹrìndínlógún,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Bàtà.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Àdúmáadán, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àbígbẹ̀yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun báyìí? Orúnkún tó ń dun ìyá wa, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí nítorí bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gé awọ lójoojúmọ́. Mo ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé. Láti bí ọdún mẹ́ta ni bàtà wa kò ti tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bàtà olówó pọ́ọ́kú ti gba ìgboro. Ìyẹn ni ọ̀gá wa tuntun, ọmọ Bàbá Oníbàtà tó dá ilé-iṣẹ́ wa sílẹ̀, fi gba obìnrin kan tí yóò máa bójú tó ìpolówó. Obìnrin náà mọṣẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣoore fún àdúgbò rẹ̀ làwọn èèyàn ń fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, àti pé oore tí aráyé kò rí, bí ẹni pé a kò ṣe é ni. Ló bá tú àpótí àwòrán àtijọ́. Ta ló rí níbẹ̀? Ìwọ!

Ṣé o rántí? A kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí Bàbá Oníbàtà wá pín bàtà ọ̀fẹ́ nílé-ìwé wa. Nínú àwòrán náà, o di bàtà mọ́ àyà, omijé ń dà lójú rẹ. Obìnrin ìpolówó ní omijé ayọ̀ ni, pé òun yóò gbé e sára pátákó ńlá létí títì.

Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín nínú ìpàdé.

Ọ̀gá ní, "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, Àǹtí Kúkúrú?"

Mo ní, "Ọ̀gá, omijé ayọ̀ kọ́ o. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ìyókù fún wọn. Mo sọ bí Bàbá ṣe ní kí ayàwòrán máa lọ nígbà tí wọ́n rí àṣìṣe náà, tí wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn tàwọn ti aṣọ funfun wọn, tí wọ́n fi okùn wọn ẹsẹ̀ rẹ, tí wọ́n ń bẹ̀ ọ́ bí ẹni ń bẹ àgbàlagbà. Ọjọ́ kẹta, àwọn fúnra wọn gbé bàtà wá sílé yín. Láti ìgbà náà, ìyá wa kò ra bàtà níbòmíràn mọ́, àwọn ìyá àdúgbò sì tẹ̀ lé wọn. Oore kì í gbé. Àárò ìgbà yẹn sọ mí, ọ̀rẹ́ mi: òórùn awọ tuntun, àti bí a ṣe pín bàtà òsì méjèèjì yẹn, ìwọ ọ̀kan, èmi ọ̀kan, tí à ń fẹsẹ̀ kan fò kiri bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ọ̀gá sorí kọ́. Wọn kò gbọ́ ọ rí nípa bàbá wọn tó ti di olóògbé. Obìnrin ìpolówó ní, "Ìtàn yìí gan-an ló máa tà!" Mo ní rárá, àfi bí ẹni tó ni ojú bá gbà. Inú bí i. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé bí ọjà kò bá tà, ọgọ́ta òṣìṣẹ́ ló ń lọ sílé, tèmi tòun? Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ kì í ṣe awọ tí mo lè gé bó ṣe wù mí.

Ọ̀gá ló là wá. Wọ́n ní ká máa wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ká tó rán bàtà fún wọn, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ wa wà lára páálí bàtà, ó tán. A ti ṣe ilé-ìwé mẹ́ta. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀. Àwọn òbí ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù wa díẹ̀díẹ̀. Kò tíì dà bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lé ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí ìyá wa, kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì gbá àbígbẹ̀yìn mọ́ra fún mi.

Mo gba àwòrán náà lọ́wọ́ wọn, òun ló wà nínú lẹ́tà yìí. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n lò ó, kọ̀wé sí mi. Bí o kò bá fẹ́, tìrẹ ni. Wo èjìká rẹ dáadáa. Ọwọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ayàwòrán gé ẹni tó ni ín kúrò. Èmi ni.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Kúkúrú.