Ọjọ́ Tí Ìyá Tíṣà Sọnù Nínú Kùrukùru

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bàámi àti Àǹtí Bísí ní Ìpọ̀nrí. Nígbà tí ẹ pè mí ní Ọjọ́rú, tí ẹ ní kí ló ṣe ohùn mi, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Abúlé tí mo wà ní ilẹ̀ Faransé yìí kò tó àdúgbò wa. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, oko àgbàdo, màlúù. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, mọ́tò ló ń gbé búrẹ́dì wá. Wọ́n ti ti ilé ìwé pa torí kò sí ọmọdé. Ìyá Tíṣà tí mò ń tọ́jú ló ń kọ́ni níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iyè wọn ti ń ra.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kùrukùru bolẹ̀ débi pé n kò rí géètì. Mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo padà, ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, Ìyá Tíṣà kò sí nílé. Kóòtù wọn ṣì wà lára ìṣó. Màámi, òtútù ibí ń pa èèyàn o!

Mo pe ọmọ wọn ọkùnrin tó ń gbé ìlú ńlá. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí ni mo fi ìyá òun ṣe, pé òun ń mú ọlọ́pàá bọ̀. Mo sáré bá olórí abúlé, obìnrin àgbẹ̀ kan, níbi tó ti ń fún wàrà. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó lọ fa agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí kì í dáhùn tí mo bá kí wọn jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ajá, wọ́n dorí kọ odò abúlé, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé Ìyá Tíṣà ti já sínú omi.

Èmi dúró. Mo rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Tíṣà bi mí pé aago mélòó ló lù kí n tó jáde, bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ni. Mo yà sí ilé ìwé. Ìyá Tíṣà jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ètè wọn ti dúdú. Mo bọ́ kóòtù mi wọ̀ wọ́n. Wọ́n ní mo pẹ́, pé àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Ẹkún gbọ̀n mí.

Nígbà tí ọmọ wọn dé, láìmú ọlọ́pàá kankan, ó ní kí n kẹ́rù mi. Olórí abúlé bi í pé ṣé ìwọ tí o kò yọjú láti ọdún Kérésì lo máa wá tọ́jú ìyá rẹ? Ọkùnrin náà ní kí n fi ẹrù mi sílẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Kò bẹ̀ mí o.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Lọ́la ni Ìyá Tíṣà ń ti ọsibítù bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní orúkọ mi ni wọ́n ń pè.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ò ní ṣìnà ilé. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sùúrùlérè, àti Ìyá Kékeré ní Mùṣín.

Èmi ni Fúnkẹ́, ọmọ yín.